Kámẹ́rà Tí Bàbá Àgbà Rà Kẹ́yìn

Kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fótò ní Ọ̀fà tí kò bi bàbá tó bí ìyá mi ní ìbéèrè kan náà: "Bàbá, ká ní ẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lónìí, kámẹ́rà wo lẹ máa rà?" Wọ́n á jókòó sórí àga gígùn iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní òdìkejì tẹ́ṣàn ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á pọ́n ọn lé, wọ́n á fún un ní obì. Bàbá Àgbà á gba obì, á jẹ ẹ́, á sì dá oníkálukú lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sọ fún ọmọ tíṣà kan pé ti Ìlú Ọba ni, nítorí kò ṣòroó tún ṣe. Ó sọ fún ọmọ aláṣọ kan pé ti Jàpáànù ni, nítorí kò wúwo. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, tí wọ́n rí i pé ìdáhùn ò bára mu, wọ́n padà wá bá a. Ó ní: "Ṣé ẹsẹ̀ kan náà lẹ ní, tẹ́ ẹ fi ń bèèrè bàtà kan náà lọ́wọ́ mi?"

Èmi nìkan ló sọ òótọ́ fún. Ó ti pé ogójì ọjọ́ báyìí tí a ti sin ín. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó padà sí Ìlọrin níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yẹn kan èmi gan-an, ó sì kan ẹnì kan tó ti lọ ṣáájú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ràjí Onífótò ni gbogbo ìlú ń pè é. Èèyàn kúkurú ni, ó gbẹ, kì í yára sọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá sọ ọ́ tán, kì í ṣeé gbé mì bọ̀rọ̀. Oògùn tó fi ń fọ fótò ti pa èékánná rẹ̀ láró, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn ìyàwó ilé a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá lé làálì, àwọn ò sì mọ ọkọ tó ń lọ fẹ́. Ó fẹ́ràn ànàmọ́ sísun, èyí tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní ọ̀dùnkún. Ṣùgbọ́n kì í fi ọwọ́ kàn án láìfi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní: "Oògùn yẹn ò mọ̀ pé èmi kì í ṣe àwòrán."

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí nígbà tó kú ni pé a ò rí fótò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ya ìdajì ìlú ò ya ara rẹ̀ rí. A tú gbogbo àpótí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, a tú abẹ́ ibùsùn, kò sí. Òjìji rẹ̀ nìkan la rí. Nínú àwọn fótò tó yà níta nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji ọkùnrin kan tó da aṣọ borí máa ń nà wọ inú fótò náà láti ìsàlẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ àwọn tó ń yà. Ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọ̀gá tẹ́ṣàn, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, òjìji yẹn wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ní kékeré. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í yẹra kí fótò náà mọ́. Ó ní: "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan rí wọn."

Kámẹ́rà tó fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ àpótí onígi ńlá, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, aṣọ dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ará Gáná kan tó ń padà sílé ló ti rà á. Tí o bá wọ abẹ́ aṣọ yẹn, wàá rí gíláàsì kan, nínú gíláàsì náà ni ẹni tó jókòó síwájú yóò ti hàn, àmọ́ orí rẹ̀ lá wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lá wà lókè. Ọjọ́ tí Bàbá Àgbà kọ́kọ́ gbé mi wọ abẹ́ aṣọ náà, mo figbe ta, nítorí ìyá mi ni mo rí tó ń fi orí dúró. Ó di ejìká mi mú. Ó ní: "Má bẹ̀rù. Ayé ló dojú dé, kì í ṣe ìyá rẹ."

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ ẹnu ni Bàbá Àgbà fi ń ja tirẹ̀. Àáfà Sálíù, tó ń darí ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ni ẹni tí wọ́n jọ ń fà á jù. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré, wọ́n jọ kọ́ kéú ni. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni Àáfà á yà ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á ní: "Ràjí, iṣẹ́ yìí ò dáa fún ọ. Ẹni tó bá ń yàwòrán nǹkan abẹ̀mí, lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n á ní kó mí ẹ̀mí sí ohun tó dá. Kí lo máa wí?" Bàbá Àgbà á máa nu ojú kámẹ́rà rẹ̀ lọ, á ní kó jókòó, á ní kí n bu omi tútù fún un. Ìdáhùn rẹ̀ ò yí padà rí: "Òjìji tó ti wà nílẹ̀ ni mò ń mú, Sálíù. Mi ò dá ẹnikẹ́ni."

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìbejì ni mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wá nígbà tí àrùn èèyi wọ àdúgbò wa, ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò nínú ilé wa, nígbà tó sì máa jáde, Kẹ́hìndé bá a lọ. A kì í sọ ní gbangba pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó rìnrìn-àjò. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń rí i, nítorí náà ilé Bàbá Àgbà ni ìyá mi ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò jẹun. Ó ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, á gbé ọ̀kan fún mi, á jókòó ti ìkejì títí á fi dì.

Àwọn àgbà kan ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Bàbá Àgbà ní rárá, ilé ìmàle nilé òun. Ẹnì kan ló wá sọ fún ìyá mi pé níbòmíràn, àwọn tí kò gbẹ́ ère ń fi fótò ṣe é, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì so méjèèjì pọ̀. Bí ìyá mi ṣe gbọ́, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní: "Bàbá, ẹ bá mi ya àwọn ọmọ mi."

Bàbá Àgbà sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun gbọ́ "àwọn" tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bó ṣe ṣe é nìyí. Ó fi ẹfun fa ìlà kan sílẹ̀ ní àárín yàrá, láti ìdí kámẹ́rà dé ìdí ògiri. Apá ẹnu ọ̀nà jẹ́ tèmi. Apá fèrèsé jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Ó kọ́kọ́ mú mi dúró sápá ẹnu ọ̀nà, ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ó ní, "Táyé, má mí," ó ṣí i, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n rọra sọdá ìlà ẹfun náà. Ó yí páálí sí apá kejì. Mo dúró sápá fèrèsé, mo sì ń wo ilẹ̀. Kò mọ bó ṣe máa pè mí kí n lè gbójú sókè. Ó wá ní: "Kẹ́hìndé, wò mí."

Mo wò ó.

Nígbà tó fọ fótò náà tán, ọmọbìnrin méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ kan náà, ọ̀kan ń wo iwájú, ìkejì ń wo ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é. Ìyá mi gbé e mọ́ àyà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Bàbá Àgbà rò pé ó parí síbẹ̀. Ó ní: "Ó ṣáà ti jẹun."

Kò parí. Nígbà tí Iléyá ọdún kejì dé, ìyá mi rán aṣọ méjì, ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́dún kẹta, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́dún kẹrin. Mo ń dàgbà, Kẹ́hìndé náà ń dàgbà. Mo ká eyín, òun náà ká eyín. Wọ́n di irun mi ní ṣùkú, òun náà di ṣùkú. Nígbà tí Nàìjíríà gbòmìnira, tí wọ́n fún wa ní àsíá kékeré nílé ẹ̀kọ́, Kẹ́hìndé mú àsíá tirẹ̀ dání nínú fótò. Àwọn fótò náà tò lára ògiri pálọ̀ wa láti ọ̀nà àbáwọlé dé ìdí wíńdò, mẹ́wàá ni wọ́n pé.

Aṣọ ni ohun tí mi ò lè gbàgbé. Méjì ni ìyá mi ń rán lóòótọ́, lára ìgàn kan náà, àmọ́ kò gbà kí n fi ti Táyé ya ti Kẹ́hìndé. Tí Bàbá Àgbà bá ti ya apá kan tán, màá lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, màá bọ́ tèmi, màá wọ tirẹ̀. Aṣọ kan náà ni o, bọ́tìnì kan náà. Tèmi ni màá wọ lọ sí yídì, màá wọ̀ ọ́ ṣeré, á ya, á gbó. Tirẹ̀ á padà sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Kò sí èyí tó gbó rí nínú aṣọ Kẹ́hìndé.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: mo fẹ́ràn láti jẹ́ ẹ. Apá fèrèsé yẹn tutù. Ẹnikẹ́ni kì í bá Kẹ́hìndé wí. Táyé ló ń fọ́ abọ́, Táyé ló ń pẹ́ níbi tí wọ́n bá rán an, Kẹ́hìndé kì í ṣẹ ìyá mi. Nígbà tó yá, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé, bóyá ó ṣèèṣì, bóyá kò ṣèèṣì. Nígbà àkọ́kọ́, mo dúró. Nígbà kejì, mo ní, "Mà," mo sì lọ. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí lọ́nà tí kì í gbà pa Táyé lórí.

Ọdún kejì òmìnira, oṣù díẹ̀ sí Iléyá, obìnrin kan wá láti Ìjàgbò wá ra abọ́ tánganran lọ́wọ́ ìyá mi, nítorí ọjà tó ń tà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Mo ń gbá ilẹ̀ pálọ̀, Bàbá Àgbà sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ ànàmọ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbójú sókè wo ògiri, ó sì fi ìka kan fótò tó kẹ́yìn.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú orí ire o. Èyí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí, ojú ẹ̀ mà tutù. Ṣé wọ́n ti ń tọrọ ẹ̀?"

Mo rò pé ìyá mi á sọ ọ́. Ó gbé abọ́ kan kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kẹ́hìndé? Rárá o. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Òun ni àgbà."

"Mo ní ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kàdúná. Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó."

"Ọlọ́run á ṣe é," ni ìyá mi wí. Ó wá yíjú sí mi, ojú rẹ̀ tutù, inú rẹ̀ dùn. "Kẹ́hìndé, bu omi wá fún ìyá."

Mo ní, "Mà." Mo bu omi, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní mo dáa ju fótò lọ. Ó gba omi, ó mu ún, ó wá bèèrè bí gbogbo àlejò ṣe máa ń bèèrè pé, "Táyé ńkọ́?"

Ìyá mi wo yàrá yí ká. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, ojú rẹ̀ sì kọjá lórí mi. Ó ní: "Táyé? Ó jáde."

Obìnrin náà lọ tán, Bàbá Àgbà pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Táyé." Mo gbọ́ ọ, mo ń kó ilẹ̀ lọ. "Táyé!" Mo gbọ́ ohùn náà bí ẹni tí wọ́n ń pe aládùúgbò rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò yíjú. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Kẹ́hìndé."

Mo yíjú.

Ànàmọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí i rí kí oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó sì wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé obìnrin náà lọ sí Ìjàgbò. Ó bá a ní ilé rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ọmọ tó tọrọ yẹn ti lọ láti ọdún mẹ́wàá. Ó ní obìnrin náà fi gèlè bojú, ó sì bẹ òun kóun má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó gba omi lọ́wọ́ ọmọ náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ta kámẹ́rà onígi fún ayàwòrán kan tó ń lọ sí Jẹ́bà. Ìlú gbọ́, ó di ẹ̀rín. Wọ́n ní arúgbó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ bá àwọn ọmọdé díje. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, tó ń ti Èkó gbé ẹ̀rọ wá tà lọ́nà rélùwéè, pé kó kó gbogbo irú tó ní wá. Ọkùnrin náà kó mẹ́ta wá, ó tò wọ́n sórí ẹní ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbẹ̀. Ó ń ròyìn wọn bí alárinà ṣe ń ròyìn ọmọge: ti Ìlú Ọba yìí lágbára, ti Jàpáànù yìí fúyẹ́, ti Jámánì yìí olójú méjì ni, ojú òkè ń wò, ojú ìsàlẹ̀ ń yà.

Bàbá Àgbà ò wo ìkankan nínú ẹwà wọn. Ìbéèrè kan ló ní. "Tí mo bá ya ẹnì kan tán, tí mi ò yí fíìmù, ṣé mo lè ya ẹlòmíràn lé e?"

Ọkùnrin náà gbé ti Ìlú Ọba. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe, Bàbá. Kẹ́ ẹ kàn má gbàgbé ni." Bàbá Àgbà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà gbé ti Jàpáànù tó mú wá. Ó ní ìyẹn náà gbà. Bàbá Àgbà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kan olójú méjì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò dún.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ọkùnrin náà wí, ojú ń tì í bí ẹni tí ọjà rẹ̀ lábùkù. "Eléyìí ò gbà. Àfi tẹ́ ẹ bá yí fíìmù sí tuntun."

Bàbá Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

"Ó kọ̀?"

"Ó kọ̀ ni, Bàbá."

"Tí mo bá bẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Òun ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì rà. Nígbà tí ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ tán, mo bi í ní ìbéèrè tí gbogbo ayé ń bi í, ìdí tó fi jẹ́ pé èyí ló mú. Kò fún mi ní ìdáhùn ọlọ́bì. Ó ní: "Èyí tó máa kọ̀ fún mi ni mò ń wá. Mo mọ ara mi. Tí ìyá rẹ bá tún kúnlẹ̀, màá ṣe é."

Inú bí mi sí i. Mi ò ní purọ́. Lójú mi, ṣe ló lọ ra ilẹ̀kùn tí yóò ti mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni Kẹ́hìndé ń wá, Bàbá Àgbà sì ti fẹ́ gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iléyá dé. Ìyá mi mú aṣọ méjì, ó mú mi, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Bàbá, ẹ kú ọdún. Ẹ bá mi ya àwọn ọmọ mi."

"Sàfúrátù, kámẹ́rà yìí ò gbà."

"Ẹ yá ti ẹlòmíràn."

"Ọmọ rẹ kan ló wà níbí, Sàfú. Wò ó."

Kò wò mí. Ó wo bàbá rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé ó bá a dé sàréè: "Ẹ̀yin lẹ dá a. Ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ pa á?" Ó ju aṣọ méjèèjì sílẹ̀, ó jáde, mo gbọ́ tó fi ẹ̀yìn ti ògiri níta tó sì jókòó sílẹ̀.

Èmi mú aṣọ Kẹ́hìndé, èyí tó ń run káńfọ̀, mo lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo wọ̀ ọ́. Mo jáde, mo sì dúró sápá fèrèsé. Mo ní kó pè mí. Mo ní, "Ẹ pè mí, Bàbá Àgbà. Ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń pè mí."

Ó wo ìlà ẹfun tó wà nílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń tún un fà, ó ti wọ inú sìmẹ́ńtì. Ó gbé búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó da omi sí i, ó sì ń fi ẹsẹ̀ nù ún, ó ń nù ún, títí ilẹ̀ fi di kan náà. Ó wá lọ sídìí kámẹ́rà tuntun rẹ̀.

"Táyé, bọ́ sí àárín."

Mi ò mira. Mo ní, "Bàbá Àgbà, níbo ni Kẹ́hìndé máa dúró?"

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó ní: "Kò ní dúró mọ́, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo bọ́ sí àárín. Ó yà mí, kámẹ́rà náà dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ìyá mi ò gbé fótò náà kọ́. Ó sọ ọ́ sísàlẹ̀ àpótí, ó kó àwọn abọ́ lé e. Títí Bàbá Àgbà fi kú, ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń kí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kò sì bá a sọ ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin yẹn gbà á bẹ́ẹ̀, kò fẹjọ́ sùn. Ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ ni Àáfà Sálíù wá kí i, tó sì fẹ́ fi iṣẹ́ fótò dá a lára yá bíi ti àtijọ́. Bàbá Àgbà ò fún un ní ìdáhùn tó máa ń fún un. Ó ní: "Òjìji ni gbogbo wọn, Sálíù, àfi ọ̀kan. Òun nìkan ni wọ́n máa bi mí." Àáfà di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi pèrun.

Àná la ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúà, ọmọ tíṣà ọjọ́sí, tó ti di ayàwòrán báyìí, ní òun máa ya gbogbo ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ọ̀gá òun. Kámẹ́rà olójú méjì yẹn ló gbé wá, Bàbá Àgbà ló fi í sílẹ̀ fún un. Ìyá mi jókòó sórí àga níwájú. Èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wo inú kámẹ́rà, ó gbójú sókè, ó tún wò ó, ó ní àyè kan ṣófo lẹ́yìn, ká súnmọ́ra.

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti yẹra. Mo ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ gẹ́lẹ́, bí mo ṣe ń ṣe níwájú gbogbo kámẹ́rà láti ọmọ ọdún márùn-ún. Ojú ń tì mí, ẹsẹ̀ mi ò sì gbé.

Ìyá mi ò bojú wẹ̀yìn. Iwájú ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Mi ò mọ̀ títí di àná pé ọ̀rọ̀ tí Bàbá Àgbà sọ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Iléyá yẹn kọjá ògiri dé ibi tó jókòó sí.

Ó ní, "Táyé, bọ́ sí àárín."

Mo bọ́ sí àárín.